Kí Ẹ̀rọ Náà Lọ Àgbàdo Yín Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú. Kò burú. Kí inú bí èèyàn nídìí fóònù rẹ̀ sàn ju kó máa sunkún nídìí irin tí kò ṣiṣẹ́ lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń ná sórí ẹja àti adìyẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó ọjà sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ tiwa. Ká máa lọ àgbàdo wa, ká máa po oúnjẹ wa fúnra wa." Èrò tó dáa ni, a sì fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tuntun wọ́n, nítorí náà wọ́n á kọrí sí Òwòdé Onírin, tàbí kí wọ́n pe alágbàtà kan tó ní òun mọ iléeṣẹ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ tà. Ìyẹn náà ò burú.

Ọ̀nà tí à ń gbà rà á ló burú.

Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ ọdún á la ẹnu ewúrẹ́, á wo eyín rẹ̀, á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á ní kó rìn kí òun rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni yìí kan náà ni wọ́n á fi fọ́tò ẹ̀rọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, á béèrè "last price", á fi owó tí ogún èèyàn dá ránṣẹ́, á wá ní kí dẹ́rẹ́bà máa gbé e bọ̀. Ewúrẹ́ tí a fẹ́ pa jẹ lọ́jọ́ kan la yẹ̀ wò tó báyìí. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi jẹun fún ọdún mẹ́wàá, fọ́tò la wò. Àwọn àgbà ní a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ojú kámẹ́rà náà, ojú olójú ni.

Ohun tí à ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má san owó ẹ̀rọ àlòkù kankan tí kò tíì lọ àgbàdo yín lójú yín. A ò sọ pé kó kàn dún "gbù-gbù-gbù" fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ gbé àpò àgbàdo kan láti ilé lọ sọ́jà irin. Kí wọ́n so bẹ́líìtì, kí wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, kí ẹ da àgbàdo yín sí i, kó sì lọ̀ ọ́ tán. Bí kò bá lọ̀ ọ́ lọ́jà, kò ní lọ̀ ọ́ ní Ìgándò.

Àwọn kan á sọ pé, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé tòkúnbọ̀ ni? Tòkúnbọ̀ ju tuntun lọ." Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Tòkúnbọ̀ ń sọ ibi tí nǹkan ti wá fún wa. Ó ti òkun bọ̀, ó parí. Kò sọ ìdí tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi tà á. Ẹlòmíì tà á torí pé ó fẹ́ ra èyí tó tóbi. Ẹlòmíì tà á torí pé ó ti sú u láti máa tún un ṣe. Orúkọ kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì máa jẹ́ tí wọ́n bá dé èbúté.

Ẹ wo Lister tí gbogbo wa ń pè ní ẹnjìnnì London. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dursley, lápá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ R. A. Lister sílẹ̀ ní 1867. Ẹnjìnnì onífílàìwíìlì ńlá méjì tí a mọ̀ yẹn, wọn ò ṣe é mọ́ ní Dursley láti 1987. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ní Lister onífílàìwíìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún díẹ̀, irọ́ ló ń pa tàbí kò mọ ohun tó ń tà. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ní Nàìjíríà, Íńdíà ni wọ́n ti rọ ọ́. Ti Íńdíà náà ń ṣiṣẹ́, a ò bú u. Àmọ́ ẹ má san owó London fún ọjà Íńdíà. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹnjìnnì, ẹ kà á. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa sọ ni pé àṣà ọjà kò gba kí èèyàn dán irin wò. "Bó o ṣe rí i ni kó o gbé e. Kò sí pé à ń dá owó padà." Ta ló dá àṣà yẹn sílẹ̀? Ẹni tó ń tà ni. Àṣà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jèrè rẹ̀ nínú èèyàn méjì, kì í ṣe àṣà mọ́, ìrẹ́jẹ ni. A mọ àwọn oníṣòwò irin tó jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n máa ń tan ẹnjìnnì fúnra wọn kí ẹ tó béèrè. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni kí ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa sọ fún ara yín. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ó ti sọ fún yín ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà ńkọ́? Ẹ máa ń mú mẹkáníìkì lọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó fún un? Bí ẹ kò bá fún un ní ohun kan ju owó ọkọ̀ lọ, tí ẹni tó ń tà sì fẹ́ fún un ní kọmíṣọ̀n bí ọjà bá tà, ẹnu ta ni ẹ rò pé ó máa fi sọ̀rọ̀? Ẹ san owó ọjọ́ rẹ̀ fún un kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé ẹ máa sanwó fún un yálà ẹ rà á tàbí ẹ ò rà á. Mẹkáníìkì tó bá gba owó láti sọ pé "ẹ má rà á" ló wúlò jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ìdánwò yẹn máa fi hàn yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ariwo lásán là ń pa.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, kí wọ́n tó tan ẹnjìnnì, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó gbọ́dọ̀ tutù. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án kí ẹ tó dé, torí ẹnjìnnì tó ti rẹ̀ máa ń ṣòro tan nígbà tó bá tutù. Ẹ fọwọ́ yí fílàìwíìlì. Ó yẹ kó le níbì kan, kó fẹ́ ta yín padà. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, kọ̀ǹpíréṣọ̀n ti lọ. Ẹ yọ irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀.

Tí ó bá ti tan, tó sì ń lọ àgbàdo, ẹ wo èéfín rẹ̀. Èéfín díẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kì í ṣe ẹjọ́. Bí ó bá ń rú búlúù lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá dúdú kirikiri, ó lè jẹ́ pé agbára rẹ̀ ò gbé iṣẹ́ náà, tàbí kí injector ti bàjẹ́. Ní ti ẹ̀rọ ìlọ fúnra rẹ̀, nígbà tó bá dúró, ẹ di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, kí ẹ mì í sókè sódò. Bí ó bá ń mì, bẹ́árìn ti jẹ. Ẹ ṣí ikùn rẹ̀, ẹ ka òòlù inú rẹ̀, ẹ wo asẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun. Irin àtijọ́ tó ń dán bí bàtà ìgbéyàwó, kí ló ń bò? Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti nípọn ju ibòmíì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi wẹ́dà sí.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò oníná ni, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Iná ilé wa nílẹ̀ yìí, 230 fólìtì ni, 50 Hz. Ti ilé ní Amẹ́ríkà, 120 fólìtì ni, 60 Hz. Mọ́tò iléeṣẹ́ ńlá sì sábà máa ń jẹ́ three-phase. Bí àdúgbò yín ò bá ní three-phase, tí ẹ ra mọ́tò three-phase torí pé ó pọ̀, ẹ ra ìjókòó fún adìyẹ ni.

Ohun kan wà tó lè pa èèyàn, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò sì kà sí. Ẹ fọkàn bá wa lọ. Lister 6/1 àtijọ́ máa ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnjìnnì Ṣáínà kékeré tó gbòde báyìí, bíi S195, máa ń yí ní ìgbà 2,000. Ẹ jẹ́ ká sọ pé púlì ara ẹnjìnnì jẹ́ íǹṣì 18, ti ara ẹ̀rọ ìlọ jẹ́ íǹṣì 4. Tí ẹ bá lo Lister, 650 ìlọ́po 18, kí ẹ pín in sí 4, ó jẹ́ 2,925. Ẹ̀rọ ìlọ á máa yí bí ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ó dáa. Lister wá bàjẹ́, ẹnì kan ní kí ẹ fi Ṣáínà rọ́pò rẹ̀, ẹ sì yọ púlì kan náà, ẹ gbé e sí i. 2,000 ìlọ́po 18, kí ẹ pín in sí 4: ó di 9,000! Eré náà di ìlọ́po mẹ́ta, agbára tó ń fa òòlù síta sì di bí ìlọ́po mẹ́sàn-án. Òòlù irin tó bá já nínú ẹ̀rọ tó ń sáré báyẹn máa ń la páànù kọjá, kò sì ní béèrè ẹni tó dúró níwájú. Nítorí náà, tí ẹ bá ra ẹnjìnnì níbì kan, tí ẹ ra ẹ̀rọ ìlọ níbòmíì, ẹ ṣírò púlì kí ẹ tó so bẹ́líìtì. Ìṣirò tí ọmọ yín tó wà ní JSS lè ṣe ni.

Ìbéèrè kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: kí ni ẹ̀rọ yìí ń lọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rọ ìpo tó ti iléeṣẹ́ jáde, ṣé oúnjẹ ló ń pò, àbí ọ̀dà, àbí kẹ́míkà? Ẹ̀rọ ìpo ọ̀dà àti ẹ̀rọ ìpo oúnjẹ adìyẹ lè jọra bí ìbejì. Fífọ̀ ọ́ ní ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan ò ní yọ ohun tó ti wọ inú ìsopọ̀ irin lọ. Adìyẹ yín á jẹ ẹ́, èèyàn á jẹ adìyẹ. Bí ẹni tó ń tà kò bá lè sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìpo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá náà, omi gbágùúdá kan, ó sì máa ń jẹ irin lásán. Ìpẹtà yẹn inú gàrí ló ń lọ. Ẹ béèrè irin tí kì í dípẹtà.

Ó yá, ẹ ti rà á. Wọ́n ti kọ rìsíìtì. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà nínú rìsíìtì náà, pẹ̀lú orúkọ àti ìtajà ẹni tó tà á. Irin jíjí pọ̀ nígboro, òfin sì máa ń mú ẹni tó ra ẹrù olè bó ṣe ń mú olè. Rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "one engine" sí ò ní gbà yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹ̀rọ tó dáa ni ọ̀nà ilé. Lister kan lè wúwo ju 300 kílò lọ. Ó ju àpò ìrẹsì ńlá mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé àpò ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè gé Lister sí mẹ́fà. Ẹ wá pe alábàárù mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n "gbé e bẹ́ẹ̀". Ẹsẹ̀ ta ló máa wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ẹnì kan bá yọ̀? Ọmọ ta ni? Owó ṣéènì blọ́ọ̀kì tàbí ọkọ̀ tó ní irin ìgbẹ́rù tí ẹ ń sá fún, kò tó owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ kan.

A ò tíì gbàgbé Òjúẹlẹ́gbá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, kóńténà kan já láti orí afárá, ó wó lu ọkọ̀ èrò nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ní 2015 náà, kóńténà ti já lórí afárá yẹn kan náà, ó sì pa èèyàn. Ẹ̀yin á ní tiyín ò tó kóńténà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹrù tí kò so dáadáa kò mọ kékeré mọ́ ńlá. Láti Òwòdé Onírin dé Ìkòtún, ẹ máa bá kòtò pàdé, ẹ máa bá danfó tó dúró lójijì pàdé. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì, ẹnjìnnì tí wọ́n fi okùn ìdígi so kò ní dúró.

Nítorí náà: ẹ dà omi, dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì inú rẹ̀ nù kí ẹ tó gbé e. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìsopọ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì di bólútù sínú àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tẹ́ pákó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e dúró bó ṣe máa ń dúró, ẹ má fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ fi ṣéènì tàbí bẹ́líìtì ìdẹrù fà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí okùn má so mọ́ páìpù èéfín tàbí páìpù dísẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ yín tó ní òun fẹ́ máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá máa ṣubú, ọmọ náà ò ní lè dá a dúró.

Kí ọkọ̀ tó gbéra rárá, ẹ ti wo ilé. Ṣé ọkọ̀ náà lè gba gáètì àdúgbò yín kọjá? Gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣé pákó méjì tí ẹ̀ ń rìn lé lórí ló máa gbé ọkọ̀ àti 300 kílò? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, pàápàá lápá Ìjẹ̀gùn àti ibi àkùrọ̀, máa ń rọ̀ gan-an tí òjò bá ń rọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ti da kọnkéré ìdúró rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kó lò tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó gbé ẹrù lé e, kó sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó tàn án. Ẹnjìnnì tó bá dúró lórí ilẹ̀ lásán á máa jó kiri, bólútù rẹ̀ á máa tú, ẹ ó sì ní ẹni tó tà á fún yín ló rẹ́ yín jẹ.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwé lẹ mọ̀. Owó ò sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò lówó ò lè máa ṣe gbogbo ètò yìí." A gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó tí kò sí yẹn gan-an ló mú wa kọ èyí. Olówó tó bá ra ẹ̀rọ burúkú lónìí á ra òmíràn lọ́la. Ẹ̀yin ńkọ́? Owó yín, owó àjọ ni. Owó ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, owó iléèwé ọmọ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè rà á lẹ́ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tí a ti ń wo bí ó ṣe ń tú ká, kì í sábà jẹ́ pé wọ́n jalè. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, oníkálukú ń bi alága léèrè owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ìjà.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: gbogbo owó tí ẹ ní, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀. Ìyẹn fún mẹkáníìkì, ọkọ̀, gbígbé, kọnkéré, bẹ́líìtì àti ohun tó máa bàjẹ́ ní oṣù kìíní. Ìdá mẹ́ta tó kù lẹ lè fi ra ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ bá ju ìyẹn lọ, owó yín ò tíì tó nìyẹn. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ máa gbé àgbàdo lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ fún yín títí dìgbà yẹn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ fi í sínú òfin yín: kò sí owó ẹ̀rọ tó máa jáde láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta rí i tó lọ àgbàdo. Ẹ̀yin oníṣòwò irin tí ẹ̀ ń ka èyí, a ò bá yín jà. Ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ lọ́jà, kí ẹnjìnnì kan, bẹ́líìtì àti asẹ́ wà níbẹ̀, kí oníbàárà lè dán ọjà yín wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é, àwa fúnra wa á máa darí àgbẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba náà, NCAM wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ ẹ̀rọ àgbẹ̀ wò. Ìlọrin jìn sí Ìkòtún. Ẹ mú irú iṣẹ́ yẹn sún mọ́ àwọn tó ń fi owó àjọ ra irin.

Bí ẹ bá ní ọ̀nà tó dáa ju èyí lọ, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lóṣù yìí, ẹ kọ irú èyí tí ẹ fẹ́ àti púlì rẹ̀, a ó bá yín ṣírò rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí akápò ẹgbẹ́ yín kí ó tó fi owó ránṣẹ́.

Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹ má gbàgbé àpò àgbàdo o.